Àyà Jíjá Kọ́ Ni Ìbẹ̀rù

Ulé wa,
Ìlógbò-Èkìtì.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìbídùn ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́ ọmọ agbẹ́kànga,

N kò ní béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, ó sì le dáadáa. Àwa náà wà láàyè níbí. Ìyá rẹ kí ọ. Èmi ni inú ń bí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n láti òkè ìwé yìí, kí o má baà kà á dé àárín kí o tó máa béèrè pé kí ló ṣe Bàbá.

O pè láti sọ fún wa pé o ti lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu uṣẹ́ tuntun rẹ, ní yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn èèyàn ní ilé ìwòsàn. Mo ti ń yọ̀. Mo ti ṣí ohùn fóònù sí gbangba kí Bàbá Fọlá káfíńtà tó jókòó tì mí lè gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwọ náà bá là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, ohun tó sú mi níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà apá ọ̀dọ̀ wa ń parọ́. A ó bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ká gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà, ọkàn ti wú bí àgbọn." Lẹ́yìn náà lo wá ní kí èmi náà wá ní Tọ́sìdeè, kí o wo tèmi lẹ́ẹ̀kejì.

Àgbà ń parọ́! Ìbídùn! Inú ulé ta lo ti kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? A lè ní àgbà gbàgbé. A lè ní àgbà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí àgbà bá tilẹ̀ ní láti ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń yọ, ohun tí ọmọ gidi máa sọ ni pé, "Bóyá ojú ọjọ́ ló ṣú, Bàbá." Bàbá Fọlá ti ń rẹ́rìn-ín kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Kí Ìbídùn má wo ọkàn tèmi o! Tó bá sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún Ìyá Fọlá, ulé mi dà rú." Mo ní ọkàn tí ọmọ mi ń wò kọ́ nìyẹn, ọkàn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara ni. Ó ní, "Ọkàn mélòó ló wà nínú èèyàn?" Ìbéèrè yẹn náà tún bí mi nínú.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Tó bá jẹ́ fóònù ni, o ó máa dá mi lẹ́nu kọ́. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ dá baba lẹ́nu kọ́.

Ìwé kẹrin ni mo kà. Gbogbo ìlú ló mọ̀, n kì í fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n èmi oníwèé kẹrin yìí ni mo rán ọ dé yunifásítì. Láti Ìkòlé dé Ọyẹ́ dé Ìsàn, kò sí àdúgbò kan tí wọn kì í mu omi ọwọ́ mi. Ọba mu ún, àlùfáà mu ún, àwọn ọ̀gá ilé ìwé mu ún, kò sì sí èyí tó gbẹ lójú ẹ̀ẹ̀rùn nínú àwọn kànga náà. Nítorí náà, fi etí sílẹ̀. Ẹni tó ti inú ilẹ̀ wá ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Èkíní. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí o ṣì wà ní Ìbàdàn lẹ́nu ẹ̀kọ́, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Láti ulé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà tí mo ti fi orí ru òkúta gbà nígbà kan, mo wá ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé. Bí mo bá ti dúró, n ó wá ẹnì kan kí. N ó bi í léèrè ọmọ, n ó bi í léèrè ẹran ọ̀sìn, títí èémí mi á fi padà. Àwọn èèyàn ní Bàbá ti di ọlọ́yàyà. Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà ìsìn mi kò wọ̀ mọ́, mo ní bàtà ló súnkì.

Ìyá rẹ fà mí lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì, ó ní, "Bàbá, ṣé àyà yín máa ń já?"

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Èmi! Èmi tí wọ́n ń so okùn mọ́ nídìí, tí wọ́n ń sọ̀ sínú ihò tí ejò ń gbé! Mo ní, "Ọmọ mi, àyà mi kì í já. Lọ bi àwọn tí a jọ gbẹ́ kànga." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ní, "Ṣé ọkàn yín balẹ̀?" Mo ní, "Ó balẹ̀ bí omi ìsàlẹ̀ kànga." Ó tún kọ ọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn ikọ́, mo sì fi oṣù mẹ́ta mu ún. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Irọ́ dà níbẹ̀, Ìbídùn? Ó bi mí bóyá mo jẹ́ ojo, mo ní n kì í ṣe ojo. Kò bi mí bóyá nǹkan kan ń fò sókè sódò láyà mi bí ọ̀pọ̀lọ́ tó há sínú korobá. Ká ní ó bi mí bẹ́ẹ̀ ni, mà bá ní ó ń fò. Ó ń fò bí mo bá jí, ó ń fò bí mo bá tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ bi ìbéèrè wíwọ́, ẹ wá ń pe ìdáhùn ní irọ́. Ní èdè wa, ẹni tí àyà rẹ̀ já ti bẹ̀rù. Ta ni ọkùnrin Èkìtì tí yóò jókòó níwájú ọmọdé, níwájú ìyàwó rẹ̀, tí yóò ní òun ń bẹ̀rù?

Bí àgbàlagbà bá wọlé tọ̀ ọ́, bi í pé láti ulé rẹ̀ dé oko, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń dúró, kí o sì bi í pé ta ló ń kí nígbà tó bá dúró. Bi í pé ìrọ̀rí mélòó ló fi ń gbé orí sókè tó bá fẹ́ sùn. Bi í nípa bàtà. Lẹ́yìn náà, kí o yí sí ìyàwó rẹ̀ kí o tún bi òun náà, nítorí obìnrin ló mọ bí ọkùnrin ṣe ń mí.

Èkejì. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, èyí gan-an ló sì ń dùn mí títí di òní. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, nígbà tí oògùn ikọ́ kò ṣiṣẹ́ tí dókítà obìnrin àgbà kan rán mi lọ síbẹ̀, n kò ní dárúkọ ìlú náà, kì í sì í ṣe ibi tí o wà. Wọ́n ní kí n bọ́ bùbá, kí n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kí n fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Mo ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kò kí mi. Ó kàn da nǹkan kan tó tutù bí omi yìnyín sí mi láyà, ara mi gbọ̀n rìrì, mo pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mira." Fóònù wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan jiyàn bọ́ọ̀lù. Ó ń tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ mi níhà bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà. Àwòrán ọkàn mi ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n ara ẹ̀rọ náà, ó sì kọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà sí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí èmi náà rí i." Ó ní, "Bàbá, kò lè yé yín."

Kò lè yé mi! Ọkàn ta ni? Ṣé ọkàn baba tirẹ̀ ni? Mo ti gbé e fún àádọ́rin ọdún lé, mo gbé e gun òkè, mo gbé e wọ inú ilẹ̀, ẹni tí kò tíì rí irun àgbọ̀n ń sọ fún mi pé kò lè yé mi. Ká ní èémí mi tó ni, mà bá dìde kí n fi bùbá mi lé e jáde ní yàrá náà.

Àmọ̀kẹ́ mi, bí mo bá gbọ́ pé o ṣe bẹ́ẹ̀ sí baba oníbaba, n ó wá síbẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ á sì mọ̀ pé mo wá. Kí wọn kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n. Sọ fún wọn pé nǹkan tútù ń bọ̀. Wá aṣọ bo ìyókù ara wọn. Yí tẹlifíṣọ̀n náà sí wọn, kí o ní, "Bàbá, òun nìyí, òun ló ń ṣí tó ń pa dé yìí." Dókítà obìnrin àgbà tó rán mi lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo wá gbé ìwé àyẹ̀wò náà lọ bá a. Kò sọ gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó di ìkúùkù, ó fún un le, ó tú u, ó tún fún un. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kí ó máa ṣe nìyí, Bàbá." Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ náà ṣe bí ẹni tí kò lókun, kò lè pa dé tán. Ó ní, "Bí tiyín ṣe ń ṣe nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wú nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́." Ìṣẹ́jú kan péré. Ó yé oníwèé kẹrin.

Ẹ̀kẹta, má sì fi èyí ṣeré. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìsàn. Bí a bá fẹ́ wọ kànga tó ti pẹ́ ní títì pa, ọ̀gá mi á kọ́kọ́ so fìtílà tó ń jó mọ́ okùn, á sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Bí fìtílà bá ń jó, èèyàn lè wọ̀ ọ́. Bó bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, fìtílà kú. Ọ̀gá mi kò sí nítòsí. Mo ní atẹ́gùn ló pa á, mo ní èmi kì í ṣe fìtílà. Mo wọlé. N kò mọ ìgbà tí mo ṣubú. Okùn tó wà nídìí mi ni wọ́n fi fà mí jáde. Nígbà tí mo lajú, ọ̀gá mi ti dé, ó gbá mi létí kí ó tó bu omi fún mi. Ó ní, "Fìtílà kú kí ìwọ má baà kú, o ní atẹ́gùn ni! Ọ̀dẹ̀!"

Ẹ̀rọ rẹ yìí, fìtílà ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín wò ó níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ apá kejì, nítorí òun ló ṣe mí. Fìtílà kì í tún afẹ́fẹ́ ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ọkàn mi, wọ́n sì wò ó. Nínú èdè wa, bí dókítà bá wò ọ́, ó ti tọ́jú rẹ nìyẹn. Ilé ìwòsàn la wà, kì í ṣe ilé ìran! Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹ̀rọ ti wò mí sàn. Mo rò pé nǹkan tútù tí wọ́n fi pa mí láyà gan-an ni oògùn. Mo délé, mo sọ fún Bàbá Fọlá, mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí dókítà obìnrin yẹn tó pe ìyá rẹ pé àwọn kò tíì rí mi kí n gbé ìwé àyẹ̀wò wá, kí n sì gba oògùn. Ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn èèyàn pẹ̀lú ẹnu yín: "A kàn wo bó ṣe rí ni. A kò tíì wò ó sàn. Oògùn ló kù, ẹ ó sì padà wá ká lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́." Ẹ má rò pé wọ́n mọ̀. A kò mọ̀.

Èyí tó kàn, n kò ka iye rẹ̀ mọ́. Obìnrin olùkọ́ kan ní Ìfàkì, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ní kí n gbẹ́ kànga fún òun. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo dá dúró, ẹnu mi sì tóbi ju dígà tí mo fi ń gbẹ́lẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ sọ àyà fún un pé omi wà níbẹ̀. Àpáta ni mo bá. N kò sọ fún un. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá bi mí, n ó ní, "Omi ti ń bọ̀, Màmá, mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀." Ó ti ń ra ìrẹsì tí yóò fi ṣe ìdúpẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wá fúnra rẹ̀, ó sọ òkúta kékeré kan sínú ihò. Ó dún kàó. Ó wò mí, ó ní, "Agbẹ́kànga, ṣé ohùn omi nìyí?" Kò bú mi. Ìbá bú mi ìbá sàn. Nítorí náà, bí o bá rí àpáta nínú ọkàn ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí dókítà yín sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ẹnu tútù. Kí ẹ má fi omi tí kò sí tàn án.

Ìbídùn, ibi tí mo ń bọ̀ láti òkè ìwé yìí nìyí. Mo ti bínú yí ká, mo ti fìyà jẹ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì wà ní ọ̀fun mi.

Mo ti dá oògùn náà dúró. Láti oṣù mẹ́ta.

Gbogbo ìgbà tí o bá pè tí o ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" tí mo ń ní, "Mò ń lò ó bí oúnjẹ," n kò lò ó. Ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó, ẹsẹ̀ mi joro, èémí mi padà, mo rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìkí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú oògùn náà ń mú mi tọ̀. A wà níbi uṣẹ́ ní Ọyẹ́, mo ń darí àwọn òṣìṣẹ́ mi, láàárín wákàtí méjì mo ti lọ sẹ́yìn ulé lẹ́ẹ̀márùn-ún. Obìnrin tó ni ulé náà pa àtẹ́wọ́, ó ní, "Bàbá Kànga, omi inú yín mà pọ̀ ju ti inú ilẹ̀ yìí lọ! Ẹ ò bá kúkú wá dúró lórí ihò náà." Àwọn òṣìṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo kó oògùn náà sínú agolo bisikíìtì, mo ti ìdérí rẹ̀. Mo ní ara mi ti le, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?

Ẹsẹ̀ ti ń wú padà. Lónìí yìí, mo kí èèyàn mẹ́rin kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Wò ó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa àwọn àgbà nìkan ló bí mi nínú lánàá. Tọ́sìdeè tí o dá ló bí mi nínú. Mo mọ̀ pé bí mo bá dùbúlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ yẹn, kò ní béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ń lo oògùn. Yóò rí i. Ojú ọmọ mi ni yóò sì ti rí i. Mo ti ń wá àwáwí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kò bójú mu, pé kí baba bọ́ra sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin, èèwọ̀ ni nínú ulé wa.

Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, àwọn ọmọ náà ló máa bọ́ aṣọ lára yín. Ẹ jẹ́ kó bọ́ ọ nígbà tí ẹ ṣì lè bú u."

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ikú mi lò ń wò?"

Ó ní, "Agolo bisikíìtì ni mò ń wò. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé e sókè àjà. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún ọmọ fúnra yín, kí n má baà jẹ́ èmi tí n ó tú àṣírí ọkọ mi."

Oṣù mẹ́ta ló ti mọ̀, Ìbídùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́. Mo ti ní kí ó pe dókítà obìnrin yẹn láàárọ̀ ọ̀la, kí dókítà sọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn náà padà. N kò ní fi àbá ara mi ṣe é; àbá mi ló kó mi débí. Dẹ́rẹ́bà takisí tó ń ná Ìfàkì ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ. Bí o bá kà á tán, má pè mí láti sunkún lórí fóònù.

Bí mo bá dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tó jókòó lè mọ̀ pé ọmọ gidi ni mo bí. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí n tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Pe orúkọ mi. Bi mí ní gbogbo ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí mi rí, n ó sì dá ọ lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yí tẹlifíṣọ̀n náà sí mi. Bí ọkàn náà bá ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ wí. Bí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹ wí. Kí ìwọ àti dókítà rẹ má wo ojú mi ṣe é. N ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, n ó sì di èémí mú nígbà tí o bá ní kí n dì í mú.

Ti bùbá nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni n ó bọ́ ọ.

Èmi ni baba rẹ, tí yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.